Ilé-iṣẹ́ iná fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ọdún ìlú wa. Ṣé ká gbà á?

Akọ̀wé_Ọdún

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí ìgbìmọ̀ ọdún tó jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní dárúkọ ìlú wa, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.

Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa kọ lẹ́tà sí ààfin pé àwọn fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ọdún ìlú ti ọdún yìí. Àwọn á sanwó kánópì, àga, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti olórin ńlá kan. Àwọn á tún dáṣọ fún àwọn ọmọdé tó máa jó. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí orúkọ wọn wà lójú gbogbo pátákó, kí ọ̀gá wọn jókòó nítòsí Kábíyèsí, kó sì bá aráàlú sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Owó yẹn pọ̀. Ó ju gbogbo ohun tí a rí kó jọ lọ́dún tó kọjá lọ. Àmọ́ àdúgbò mẹ́ta ló wà nínú òkùnkùn láti ìgbà tí tiransifọ́mà wọn ti jó, àwọn tó sì ń rí iná ń pariwo owó. Àwọn àgbà nínú ìgbìmọ̀ ní ká gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọ́n bá gbé pátákó yẹn dúró, àwọn á fà á ya. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Àlàájì

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kéré. Ẹ fún un ní wákàtí kan gbáko, kẹ́ ẹ wá pa jẹnẹrétọ̀ tó bá ti gba gbohùngbohùn. Iná tiẹ̀ ni kó fi sọ̀rọ̀ 😂

Ìyá_Olóúnjẹ

Ọmọ Àlàájì, o ò ní pa mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi o. Oúnjẹ ni mò ń tà. Kí oṣù kẹrin ọdún 2024 tó wọlé, tí mo bá ra iná ₦5,000, yúníìtì bíi 68 ló ń wọlé. Wọ́n kéde owó tuntun fún Band A, ìyẹn àwa tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún, yúníìtì kan tó jẹ́ ₦68 di ₦225 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bù ú kù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó wá dúró sí nǹkan bíi ₦209, VAT ò tíì sí nínú ẹ̀. ₦5,000 kan náà wá di yúníìtì 22. Firísà mi ò mọ̀ pé iná ti gbówó lórí, bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ń jẹ ẹ́. Alẹ́ nìkan ni mo ń tàn án báyìí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ki píọ́wọ́tà dídì sáàárín ẹja kó lè gbé e di ìrọ̀lẹ́. Ẹja tó bá ti ń rọ̀, ikùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ. Ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mọ̀. Oníbàárà náà mọ̀, kò ní wí, kò kàn ní padà wá ni.

Gáàsì ńkọ́? Kílò kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà tipẹ́. Èédú ni mo fi ń se ẹ̀wà, dòdò nìkan ni mo ń fi gáàsì dín. Kí ẹnì kan wá gbé olórin síwájú mi kó ní òun fi ta mí lọ́rẹ? Ẹja mi ló sanwó olórin yẹn.

Àgbà_Ìlú

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ rọra. Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ọdún kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó mọ ọ̀nà ọjà. Ta lẹ rò pé ó ń sanwó ọdún tẹ́lẹ̀? Nígbà kan, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń dáwó, àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó á mú tiwọn wá. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́tí dé. Wọ́n kun gbogbo ìlú ní àwọ̀ ìgò wọn, àwọn ọmọ kéékèèké ń gbé fìlà ọlọ́tí kiri. Ẹnikẹ́ni kò fa pátákó ya. Lẹ́yìn ìyẹn, olóṣèlú gbà á. Lọ́dún ìdìbò, àwòrán ẹni tó ń du ipò tóbi ju ti Kábíyèsí lọ. Ṣé owó olóṣèlú ló wá mọ́ ju owó oníná lọ? Ọdún gbọ́dọ̀ wáyé. Onílù kì í jẹ èrò ọkàn yín.

Ọmọ_Àlàájì

Bàbá, ẹ ò puró. Àmọ́ ọlọ́tí ò wá já wáyà nílé mi rí.

Bàbá_Wáyà

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀. Orí òpó iná ni mo gbé lo ìgbà èwe mi, láti ayé NEPA títí di PHCN kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìbínú yín tọ́, àmọ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa darí ẹ̀ sí.

Ilé-iṣẹ́ apínná kọ́ ló ń dá iye owó iná fúnra ẹ̀. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ló ń buwọ́ lù ú. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé PHCN fún àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá 2013, owó yúníìtì kan tẹ́ ẹ bá san, ẹni tó ń ṣe iná á mú nínú ẹ̀, ẹni tó ń gbé e gba orí wáyà ńlá á mú, ẹni tó ń pín in dé ojúlé á mú. Gáàsì ló ń yí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe iná wa, dọ́là sì ni wọ́n fi ń díye lé gáàsì yẹn. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ ní 2023, owó iná gbọ́dọ̀ gbéra, àfi bí ìjọba bá ń bá wa san ìyókù. Ìjọba ní òun ò san ti Band A mọ́. Ibi tí ₦225 ti wá nìyẹn. Ọ̀gá tó máa wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kábíyèsí ò lè dín náírà kan kù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà tó jó, ọrùn ilé-iṣẹ́ apínná ló wà. Wọn ò lè fi ìyẹn ti NERC, wọn ò lè fi ti dọ́là. Ohun tí mo sì máa ń rí nìyí: àdúgbò á wà nínú òkùnkùn títí á fi sú wọn. Àwọn onílé á dáwó. Wọ́n á ra tiransifọ́mà, wọ́n á ra òpó, wọ́n á ra wáyà, wọ́n á tún bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá gbé e kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan á mú ọ̀dà funfun wá, á kọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ sára ẹ̀. Ó ti di tiwọn nìyẹn. Bíìlì á wá máa bọ̀ látinú ohun tí aráàlú fowó ara wọn rà. NERC sì ní ìlànà lórí ẹ̀ láti 2015: kí àdúgbò àti ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ buwọ́ lùwé, kí ilé-iṣẹ́ sì dá owó náà padà fún wọn. Akọ̀wé, ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn onílé yín bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn buwọ́ lu ìwé kankan rí.

Akọ̀wé_Ọdún

Bàbá, mo bi alága wọn lórí fóònù báyìí. Àdúgbò kan ti ra tiransifọ́mà fúnra wọn rí lóòótọ́. Ó ní rìsíìtì ọjà wà lọ́wọ́ òun, ìwé àdéhùn kankan ò sí. Àwọ̀ ọ̀dà ló yàtọ̀, ó ní pupa ni tiwọn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ẹ wo Ojúde Ọba tiwa, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ó ti pẹ́ tí Glo ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀, àwọn báńkì náà ń bá wa ná an, ọdún náà ò bàjẹ́, ńṣe ló ń gbòòrò sí i. Tẹ́ ẹ bá sì ní owó epo àti iná ò gbọ́dọ̀ wọ ọdún, ẹ rántí pé Mike Adénúgà tó ni Glo náà ló ni Conoil. Ọmọ wa ni, ó ń náwó sílé bàbá ẹ̀. Nínú àpò ẹnì kan ṣoṣo, ta ló fẹ́ ya owó tẹlifóònù kúrò lára owó epo?

Alárìnká

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kú ọdún o, mo máa ń wá, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Lọ́dún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba, ọ̀kan nínú àwọn tó gun ẹṣin níbẹ̀, gba gbogbo ayé kan, kí làwọn èèyàn ń wò? Agbádá, ẹṣin, gíláàsì ojú, bó ṣe jókòó. Kò sí onígbọ̀wọ́ kankan tó ra ìyẹn. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ló ń dá aṣọ tiẹ̀, ìdílé àwọn Balógun ló ń bọ́ ẹṣin wọn. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí tẹlifóònù alágbèéká tó dé ilẹ̀ wa. Ọdún náà fúnra ẹ̀ ti wà láti ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe ẹ̀sìn wọn. Onígbọ̀wọ́ sanwó àga àti ìpolówó, orúkọ ẹ̀ wá wọlé sínú gbogbo àwòrán tí ẹlòmíì fi owó aṣọ ẹ̀ yà. Mi ò ní ó burú. Mo ní ẹ mọ ẹni tó rí ọjà rà lówó pọ́ọ́kú.

Ohun tó tún yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Glo ń wá oníbàárà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn bá bí mi nínú, mo lè ra káàdì MTN lọ́la. Ilé-iṣẹ́ iná ńkọ́? Ta ni wọ́n ń bá du oníbàárà ní ìlú Akọ̀wé? Kò sẹ́ni tó lè kúrò lọ́dọ̀ wọn àfi ẹni tó bá lówó sólà. Ẹni tí kò ní alábàádíje, tó ń sanwó kí wọ́n lè kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà, ẹ bi í ohun tó ń rà.

Ìyá_Olóúnjẹ

Ẹnu wa ló ń rà 🙌🏾

Olùtọ́jú_Ojúòpó

Mo ti yọ èsì méjì tó dárúkọ ilé-iṣẹ́ apínná kan. Akọ̀wé ti bẹ̀ wá ṣáájú. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Peckham_Ni_Mo_Wà

Ẹ káàsán o. Èyí tẹ́ ẹ ń jà lé lórí yìí, wọ́n ti jà á níbí ní London débi pé àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé àwòrán. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni BP, ilé-iṣẹ́ epo, fi fún Tate, ilé àwòrán ńlá, lówó kí wọ́n tó pínyà ní 2017. Royal Shakespeare Company, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, náà kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2019 nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé kọ̀wé sí wọn. British Museum ní tiẹ̀ kò gbọ́: ìparí 2023 ni wọ́n kéde pé BP máa fún àwọn ní £50 mílíọ̀nù láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wá wo àkókò tó jẹ́. Lọ́dún 2021, nígbà tí òtútù ń bọ̀, Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ owó iná níbí, ní kí owó iná àti gáàsì ilé kan tí ìlò ẹ̀ wọ́pọ̀ má ju £1,277 lọ lọ́dún. Ní oṣù kẹwàá 2022, ìjọba ní láti dá a dúró sí £2,500, torí bí wọn ò bá dá sí i, £3,549 ni ì bá jẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni BP jèrè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $28 bílíọ̀nù. Mọ́mì kan ní ilé wa máa ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí dé òpin ìrìnàjò, á tún wọ òmíràn padà, torí pé bọ́ọ̀sì móoru, wọn ò sì gba owó lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Kí n má ṣe àṣejù: BP kọ́ ló ń kọ bíìlì sí wa. Wọ́n ń wa epo àti gáàsì, àwọn mìíràn ló ń tà á fún ojúlé. Àwọn tó ń tà á fún ojúlé yẹn ló wá fa ìjà mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó já síta pé wọ́n ń gba ìwé ilé-ẹjọ́, wọ́n ń já wọ ilé àwọn tó jẹ gbèsè láti fi tipátipá so mítà asansílẹ̀ mọ́ wọn. Oṣù kejì ni Ofgem ní kí gbogbo wọn dáwọ́ dúró.

Ọmọ_Àlàájì

Dúró ná. Ẹ̀ ń sá fún mítà asansílẹ̀ lọ́hùn-ún? Bàbá mi ti san owó mítà, ó ń dúró dè é bí ẹni ń retí ọkọ̀ Mẹ́kà. Kíréésì bíìlì ni wọ́n ń gbé wá fún un lóṣooṣù, ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀ láàárọ̀!

Peckham_Ni_Mo_Wà

Ẹni tó jẹ gbèsè níbí, mítà yẹn ló ń pa iná mọ́ ọn lórí nígbà tí owó bá tán. Ẹni tí kò ní i lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ akọbíìlì ló wà. Ibi méjèèjì, mẹ̀kúnnù náà ni.

Ọmọ_Houston

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Àgbà Ìlú díẹ̀, torí pé gbogbo yín ti pọ̀ lé bàbá lórí. New Orleans kò jìnnà sí wa. Ìjì Katrina ba ìlú yẹn jẹ́ lóṣù kẹjọ 2005, àwọn èèyàn rò pé ọdún orin wọn, Jazz Fest, ti parí nìyẹn. Shell ló gbé owó kalẹ̀ ní 2006 tí wọ́n fi rí i ṣe. Orúkọ Shell wà lára ọdún yẹn láti ìgbà náà. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ epo ti ṣe sí àbàtà àti etíkun wọn, wọ́n sì ń lọ jó níbẹ̀. Ẹlòmíì á lọ, á tún lọ ṣèwọ́de lọ́jọ́ kejì. Èèyàn lè gba àga lọ́wọ́ ẹni, kó má sì pa ẹnu mọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ àwọn oníná gan-an o. Ìlú yẹn kan náà, ní 2018, ó hàn síta pé wọ́n sanwó fún àwọn òṣèré láti wá jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ilé-iṣẹ́ iná tuntun tí Entergy, àwọn tó ń ta iná níbẹ̀, fẹ́ kọ́. Entergy ní kì í ṣe àwọn ni, pé àwọn tí àwọn gbéṣẹ́ fún ló ṣe é. Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí wọ́n san $5 mílíọ̀nù.

Àgbà_Ìlú

Ọmọ mi, o ṣeun. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ká gba àga, ká tún gba tiransifọ́mà.

Ìyá_Olóúnjẹ

Bàbá, èwo lẹ máa kọ́kọ́ gbà? Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwọn tó fẹ́ dáṣọ fún ọmọ wa, àdúgbò mẹ́ta wà nínú òkùnkùn lábẹ́ wọn. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Owó wà, ibi tí àwọn kámẹ́rà máa wà ni wọ́n fẹ́ ná an sí.

Lọ́yà_Kékeré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àpérò. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ìwé wò ó.

Ní oṣù kejì 2024, NERC ní kí ilé-iṣẹ́ apínná 11 san owó ìtanràn ₦10.5 bílíọ̀nù lápapọ̀, nítorí pé wọ́n gba owó ju iye tí wọ́n fi ààlà sí fún wọn lọ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní mítà, láti oṣù kìíní dé oṣù kẹsàn-án 2023. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó tó lé náà padà sínú àkọọ́lẹ̀ àwọn oníbàárà. Mo ń sọ èyí torí bàbá Ọmọ Àlàájì. Ẹ wá gbogbo bíìlì ọdún yẹn jáde. Ẹni tó ní bíìlì lọ́wọ́ ló ní ẹjọ́ lọ́wọ́.

Òfin iná tuntun ti 2023 tún ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣàkóso iná tiẹ̀. Èkìtì, Òndó, Ọ̀yọ́ àti Èkó ti gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ NERC. Ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà ló máa sọ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ̀wé ẹ̀sùn sí, kẹ́ ẹ má lọ máa kọ lẹ́tà sí Àbújá tí wọ́n á ní kì í ṣe àwọn mọ́.

Lórí onígbọ̀wọ́: ìgbìmọ̀ ọdún kì í ṣe oníbàárà iná, kò lè bá àdúgbò jà á. Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ìwé àkọ́kọ́, láàárín àwọn àdúgbò mẹ́ta yẹn àti ilé-iṣẹ́, lórí tiransifọ́mà, ó ní ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e wá, kó sì ṣáájú ọjọ́ ọdún. Ìwé kejì lórí ọdún, kó ní gbólóhùn kan pé bí àkọ́kọ́ ò bá ṣẹ, pátákó ò ní dúró, ọ̀rọ̀ sísọ ò ní wáyé. Tí wọ́n bá fẹ́ kẹ́ ẹ buwọ́ lu ohunkóhun tó ní aráàlú ò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa, ẹ dá a padà kíákíá.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Èyí bọ́gbọ́n mu. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ máa ṣe ọdún láìsí kánópì?

Alárìnká

Oòrùn ti ń pa wá lọ́jọ́ ọdún kí kánópì tó dé ilé ayé.

Akọ̀wé_Ọdún

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ohun tí mo máa gbé síwájú wọn lọ́jọ́ Sátidé nìyí. A máa fèsì lẹ́tà wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A máa ní a gbọ́, a sì dúpẹ́, àmọ́ kí wọ́n gbé owó olórin yẹn lọ sórí tiransifọ́mà, olórin ìlú wa tó wà nílé á kọrin. Ìwé méjì gẹ́gẹ́ bí Lọ́yà ṣe wí. Ọ̀gá wọn lè wá, àga á wà fún un láàárín àwọn àlejò yòókù, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kábíyèsí, kò sì ní sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ bá aráàlú sọ̀rọ̀, kó wá sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, kí àwa náà lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Alága àwọn onílé á kó rìsíìtì tiransifọ́mà pupa yẹn wá síbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní fa nǹkan kan ya. Àgbà méjì ṣì ń kùn pé a fẹ́ lé owó dànù. Tí wọ́n bá kọ̀, a máa padà sí owó ilé kọ̀ọ̀kan, mo ti ń kọ orúkọ.

Ìyá_Olóúnjẹ

Ẹ kọ tèmi sílẹ̀. Ìkòkò ẹ̀wà kan fún àwọn onílù, èédú ni mo máa fi sè é.

Bàbá_Wáyà

Akọ̀wé, nǹkan kan ṣì kù. Ẹ má kọ "tiransifọ́mà" lásán sínú ìwé yẹn, wọ́n á gbé èyí tó kéré wá fún yín, ó tún máa jó kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ ka ojúlé tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ ka àwọn ẹlẹ́rọ ìlọta àti alágbẹ̀dẹ tó ń jó irin, kẹ́ ẹ kọ kVA rẹ̀ gan-an, ìyẹn agbára tó lè gbé, sílẹ̀. Bí 300 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó fi jó, 500 ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé tuntun ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún wáyà inú ẹ̀ dì. Ẹ ní kí wọ́n fi fíúsì àti wáyà ilẹ̀ sí i. Ẹ fi orúkọ àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá bá yín ṣírò ẹ̀ kó tó di Sátidé.